Ìwọ̀n Ìyá, Àyíká Ilé àti Ọmọ Tó Sanra Jù: Èwo Ló Ti Inú Oyún Wá, Èwo Ló Ti Inú Ilé Wá?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, UNICEF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé lágbàáyé, kéde pé fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tó sanra jù ti pọ̀ ju àwọn tó rù lọ. Ìpín 9.4 nínú 100 wọn ló sanra jù, ìpín 9.2 ló sì rù. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé etí àwọn òbí ní Ìkòròdú, bó bá sì ti dé, á dàpọ̀ mọ́ ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ fún àwọn aboyún nípa ìwọ̀n ara wọn, títí ọ̀rọ̀ yóò fi lọ́jú pọ̀. Ẹnì kan á ní wọ́n sọ pé ìyá tó bá sanra, ọmọ tó sanra ni yóò bí. Èkejì á ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé núdù àti míníràlì ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó sábà máa ń jẹ́ ìyá àgbà, á ní kí wọ́n fi ọmọ òun lọ́rùn sílẹ̀, pé bí wọ́n ṣe máa ń rí nínú ìdílé àwọn nìyẹn.

Òtítọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé obìnrin kan náà ló fún ọmọ ní àbùdá, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, òun ló gbé e sínú fún oṣù mẹ́sàn-án, òun náà ló sì sábà máa ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti bí i. Nítorí náà, bí ìyá àti ọmọ bá jọ sanra, ojú lásán kò lè sọ èyí tó fà á nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àlàyé yìí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ohun tí ènìyàn lè ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìsanrajù?

Ìsanrajù ni kí ọ̀rá pọ̀ lára ènìyàn débi tí yóò fi lè ba ìlera rẹ̀ jẹ́. Ó yàtọ̀ sí kí ènìyàn kàn síngbọnlẹ̀, tàbí kí ó ní egungun tó nípọn. Fún àgbàlagbà, ọ̀nà kan wà tí àwọn oníṣègùn fi ń ṣírò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé: wọn á mú ìwọ̀n ara ní kílò, wọn á fi gíga ní mítà pín in, wọn á sì tún fi gíga kan náà pín ohun tó kù. Obìnrin tó wọn kílò 80, tó sì ga ní mítà 1.60, yóò rí 50 ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò sì rí nǹkan bíi 31 ní ìgbà kejì. Láti 18.5 títí dé bí 25, ìwọ̀n náà dára. Láti 25 títí dé bí 30, ó ti ń wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Láti 30 sókè ni wọ́n ń pè ní ìsanrajù. Ìṣirò yìí kì í ṣe fún aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, nítorí pé ọmọ, omi inú oyún àti ẹ̀jẹ̀ tó lé sí i ti wà nínú ìwọ̀n náà. Ìwọ̀n tó ní kí ó tó lóyún, tàbí èyí tí wọ́n rí ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ni kí ó lò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lo nọ́ńbà àgbàlagbà yìí fún ọmọdé. Ara ọmọ ń yí padà láti oṣù dé oṣù, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ìwọ̀n àti gíga rẹ̀ wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ akọ tàbí abo, lórí àwòrán ìdàgbàsókè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe. Ìlà tó tẹ̀ wá tó tẹ̀ lọ lórí káàdì tí wọ́n fún yín ní ọjọ́ àjẹsára, iṣẹ́ yìí gan-an ló wà fún.

Ṣé ọ̀rọ̀ wa ni, níbi tí ọmọ ti ń rù nítorí àìjẹun kánú?

Ẹni tó bá béèrè èyí kò ṣìwí rárá. UNICEF fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìròyìn náà pé ilẹ̀ Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà àti apá gúúsù ilẹ̀ Éṣíà nìkan ni àwọn tó rù ṣì pọ̀ ju àwọn tó sanra jù lọ. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà lórí ìlera ìdílé ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn, nígbà tí àwọn tó wúwo jù jẹ́ 2 péré.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà yẹn rí i pé ó ju ìdá mẹ́rin kan lọ nínú àwọn obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí tó wúwo ju bó ṣe yẹ, ìṣòro náà sì pọ̀ ní ìlú ju abúlé lọ. Ìkòròdú, tó ti ń di ìlú ńlá lójú wa, kò sí lẹ́yìn níbẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé nínú ilé kan náà, ìyá lè sanra jù nígbà tí ọmọ rẹ̀ kúrú nítorí àìrí oúnjẹ tó ń kọ́ ara. Oúnjẹ tó ń yó ni láìfi bẹ́ẹ̀ kọ́ ara, bíi gààrí, búrẹ́dì, bọ́ńsì, bisikíìtì àti ohun mímu oníṣúgà, lè fa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí wọ́n bí ní kékeré, tí ara rẹ̀ sì wá ń wúwo kíákíá láàárín ọdún bíi méjì àkọ́kọ́, wà lára àwọn tó máa ń tètè sanra jù lẹ́yìn ọ̀la. Nítorí náà, àìjẹun kánú àti ìsanrajù kì í ṣe ọ̀tá tí ọ̀kan ń lé èkejì jáde nílé.

Kí ni ìwọ̀n ìyá ń ṣe fún ọmọ inú?

Oúnjẹ ọmọ inú oyún ń gba inú ibi ọmọ kọjá, ibi ọmọ náà kì í sì í jẹ́ kí gbogbo nǹkan kọjá. Ẹ wo bí a ṣe ń sẹ́ ògì: omi ògì á kọjá nínú asẹ́, èérí á sì dúró. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ gẹ́gẹ́ bí omi ògì. Ṣùgbọ́n ínsúlíìnì, èròjà tí ara ń pèsè láti fi kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, dúró lọ́dọ̀ ìyá.

Ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ ni pé tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, á pọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ náà, ọmọ kò sì lè retí pé kí ínsúlíìnì ìyá rẹ̀ bá òun kó o. Yóò pèsè tirẹ̀, yóò sì pèsè rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ínsúlíìnì yìí máa ń mú kí ọmọ dàgbà, kí ó sì máa tọ́jú ọ̀rá pamọ́. Oníṣègùn ará Denmark kan, Jørgen Pedersen, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1950, àlàyé rẹ̀ sì dúró sán-ún títí di òní. Ìdí nìyí tí obìnrin tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí ìtọ̀ ṣúgà yọjú sí nígbà oyún, fi máa ń bí ọmọ tó wọn ju kílò 4 lọ bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀. Ìsanrajù kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ ó ń mú kí ínsúlíìnì ìyá má fi bẹ́ẹ̀ ráyè ṣiṣẹ́, nítorí náà ìtọ̀ ṣúgà inú oyún wọ́pọ̀ láàárín àwọn aboyún tó sanra jù. Àní nígbà tí ṣúgà wọn kò tíì tó ohun tí wọ́n ń pè ní àìsàn, ó lè lọ sókè díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀rá tó ń ti ẹ̀jẹ̀ wọn kọjá sọ́dọ̀ ọmọ.

Ní àwùjọ wa, tí ìyá bá bí ọmọ kílò mẹ́rin àbọ̀, ariwo ayọ̀ ni gbogbo ilé máa ń pa. Mo mọ ohun tó fà á, nítorí pé ọmọ tó kéré ló ti ń ba àwọn àgbà lẹ́rù láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì nídìí. Síbẹ̀, ọmọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè há nígbà ìbí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, nítorí pé ṣúgà tí ń ti ọ̀dọ̀ ìyá wá ti dáwọ́ dúró, ínsúlíìnì rẹ̀ kò sì tíì dín kù. Ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò kí wọ́n tètè fún un lọ́mú, kí àwọn oníṣègùn sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí àyẹ̀wò náà sì ṣíwájú àpọ́nlé.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àjogúnbá nìkan?

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ níbẹ̀. Àjogúnbá wà lóòótọ́. Ní Denmark, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1986 tẹ̀ lé àwọn ènìyàn tí wọ́n gbà tọ́ láti kékeré, wọ́n sì rí i pé nígbà tí wọ́n dàgbà, ìwọ̀n ara wọn jọ ti àwọn òbí tó bí wọn ju ti àwọn òbí tó tọ́ wọn lọ. Ìyá àgbà tó ní ìdílé àwọn máa ń tóbi kò parọ́.

Àmọ́ báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá inú oyún ní ipa tirẹ̀, lẹ́yìn àbùdá? Ọgbọ́n tí àwọn olùwádìí dá ni pé wọ́n wo àwọn ọmọ ìyá kan náà. Ìyá ọmọ méjèèjì jẹ́ ẹnì kan, bàbá wọn sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan, ilé kan náà ni wọ́n gbé dàgbà. Bí ara ìyá bá wá yí padà láàárín oyún kìíní àti oyún kejì, ohun tó bá yàtọ̀ lára àwọn ọmọ lè jẹ́ kí a rí ọwọ́ inú oyún níbẹ̀.

Láàárín àwọn ẹ̀yà Pima, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí ìtọ̀ ṣúgà ti wọ́pọ̀ gan-an, ìwádìí tó jáde ní ọdún 2000 fi àwọn ọmọ tí wọ́n bí kí ìyá wọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà wé àwọn àbúrò wọn tí wọ́n bí lẹ́yìn tó ti ní in. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ wúwo ju àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ, ìtọ̀ ṣúgà sì mú wọn ju àwọn ẹ̀gbọ́n lọ. Wọ́n wá wo àwọn ilé tó jẹ́ pé bàbá ni ìtọ̀ ṣúgà mú: kò sí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú àti èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn. Bàbá kì í gbé oyún, nítorí náà ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí hàn kedere.

Ní ìlú Quebec, ní Kánádà, wọ́n tún rí i láti ọ̀nà òdìkejì. Àwọn obìnrin kan tó sanra púpọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń dín oúnjẹ tí ara ń gbà kù, ara wọn sì fúyẹ́. Nínú ìwádìí tó jáde ní ọdún 2006, ìsanrajù láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù ní ìdajì sí ti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n bí ṣáájú. Àbùdá ìyá kò yí padà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ronú jinlẹ̀ yóò sọ pé ìyá tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà lè ti yí oúnjẹ gbogbo ilé padà pẹ̀lú, òótọ́ sì ni. Ìwádìí yìí fi hàn pé ohun tí ìdílé bí mọ́ni lè yí padà. Kò lè fi hàn pé inú oyún nìkan ló yí i padà.

Ebi náà ní ipa tirẹ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, lákòókò ogun, ìyàn ńlá mú ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Netherlands nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin tó wà nínú oyún nígbà náà pé ọdún 19, tí wọ́n sì wá fún àyẹ̀wò iṣẹ́ ológun, àwọn tí ìyàn bá ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún sanra jù ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ìyàn kò bá lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀nà àbáyọ ni kí aboyún máa febi para rẹ̀.

Àríyànjiyàn ṣì ń lọ láàárín àwọn onímọ̀ lórí bí ipa inú oyún ṣe pọ̀ tó. Nínú àwọn ìwádìí kan, ìwọ̀n bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìbátan pẹ̀lú ìwọ̀n ọmọ tó ti ìyá. Nínú àwọn mìíràn, ti ìyá le jù. Ibi tí ti bàbá bá ti tó ti ìyá, àbùdá àti ìgbé ayé ilé la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Àmọ́ ohun kan wà tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Láti ọdún 2000 sí àkókò yìí, ìsanrajù láàárín àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 ti lọ sókè láti nǹkan bí ìpín 3 dé 9.4 nínú 100 lágbàáyé. Àbùdá ènìyàn kì í yí padà ní ọdún 25. Ohun tí a ń jẹ, bí a ṣe ń lọ tí a ń bọ̀ àti bí a ṣe ń sùn ló yí padà.

Báwo ni inú oyún ṣe ń so mọ́ ilé?

Nípa ọmú. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé omi ọyàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé lọ́dọ̀ ìyá tó sanra jù, pàápàá tí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọ á máa ké ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, àwọn tó wá kí ìyá á ní ọmú rẹ̀ kò lómi, wọn á sì ra wàrà agolo. Bí wàrà agolo bá ti wọlé, ọmọ kì í fa ọmú dáadáa mọ́, bí ọmọ kò bá sì fa ọmú, omi rẹ̀ kò ní pọ̀. Ohun tó jẹ́ ìdádúró ọjọ́ díẹ̀ péré á wá di àìfún-lọ́mú pátápátá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan, láìsí omi, láìsí àgbo, fún oṣù 6, kí a sì máa fi ọmú kún oúnjẹ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí ọdún 2018 yẹn rí i pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù 6, ìpín 29 péré nínú 100 ni wọ́n ń fún ní ọmú nìkan. Ọmọ tó ń mu ọmú ló ń pinnu ìgbà tó yó. Nígbà tó bá kan ìgò, ìyá tàbí alágbàtọ́ ló máa ń fẹ́ kí ó mu ún tán. Bí ìyá tó sanra bá rí nọ́ọ̀sì tó máa jókòó tì í ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, tí yóò kọ́ ọ bí ó ṣe máa gbé ọmọ sí ọmú léraléra, omi náà sábà máa ń dé. Mo gbà pé ìrànlọ́wọ́ yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìbáwí tí wọ́n lè bá a wí nípa ìwọ̀n rẹ̀ lọ.

Kí wá ni ilé ń ṣe?

Ilé kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n fi tipátipá rọ lẹ́kọ ní kékeré, tí wọ́n gbé wa sórí itan, tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu wa, tí ẹ̀kọ sì ń dà wọlé bá a ṣe ń ké. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ara ọmọ mọ ìgbà tó yó, bí a bá sì ń bo ìmọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ kọjá yíyó. "Jẹ ẹ́ tán, àwọn kan ò rí jẹ" jọ ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bisikíìtì tí a fi ń pa ẹkún lẹ́nu ọmọ, nítorí pé ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi adùn wá ìtùnú.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó wà nínú ilé. Ọmọdé kì í lọ sí ọjà Sábó lọ ra nǹkan sínú fíríìjì. Ohun tí àgbà bá rà ni yóò rí jẹ. Ẹ jẹ́ ká wo míníràlì nìkan. Èyí tí ṣúgà rẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú mìlílítà 100, ìgò 50cl rẹ̀ kan ti ní ṣúgà gíráàmù 50. Èyí ni òpin ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ohun tó sì dára jù ni kí ó jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tó mu ún tán níbi ìkómọ ti kọjá ààlà tirẹ̀ tipẹ́. Ìjọba àpapọ̀ fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu oníṣúgà nínú òfin ìṣúná ọdún 2021, ṣùgbọ́n owó náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ìsọ̀.

Ohun tí àwọn àlàyé láti òkè òkun kì í rí ni bí ọ̀nà ṣe jìn sí Ìkòròdú. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Erékùṣù Èkó ní láti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọkọ̀ má baà há mọ́ ọn ní Mile 12, ó sì lè di agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kí ó tó padà wọlé. Àwọn ọmọ á jí nígbà tí òun jí. Owó búrẹ́dì àti ohun mímu ni yóò fi sílẹ̀, nítorí pé kò sí àyè láti dáná. Nígbà tí ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ àti lẹ́sìn dé, wọn á tilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí ẹ̀rù àwọn ajọ́mọgbé, tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù á sì di alágbàtọ́ rẹ̀. Oúnjẹ tó wúwo jù á wá di ti alẹ́, nígbà tí ìyá bá ti dé. Oorun ọmọ náà kò sì ní tó. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tó ya ọ̀lẹ, kò sí wọ̀bìà níbẹ̀.

Oorun tí mo mẹ́nu kàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí oorun kò bá tó, ó máa ń mú kí ebi pa ọmọ ju bó ṣe yẹ lọ, ìwádìí púpọ̀ sì ti rí i pé àwọn ọmọ tí kì í sùn tó máa ń sanra ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọmọ ọdún 3 sí 4 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 lóòjọ́. Kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 máa jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, ọmọ ọdún 2 sí 4 kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ. Ọmọ tó ti lé lọ́dún 5 nílò kí ara rẹ̀ gbóná fún nǹkan bí wákàtí 1 lójúmọ́: kí ó sáré, kí ó fo okùn, kí ó ta tẹ́ǹtẹ́n, kí ó gbá bọ́ọ̀lù. Ilé oníyàrá tí ogún ọmọ ń gbé, bí àgbà kan bá lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, ti ní àyè ìṣeré tó pọ̀ ju ti ilé tí wọ́n fi géètì tì pa.

Ṣé ìyá ni kí a dá lẹ́bi?

Rárá. Bàbá fún ọmọ ní ìdajì àbùdá rẹ̀, ó ń jẹun nínú ilé kan náà, ó sì sábà máa ń ní àṣẹ lórí owó oúnjẹ. Tí bàbá bá ń mu míníràlì pẹ̀lú ìyán, tí ó sì ní kí wọ́n gbé ẹ̀fọ́ kúrò níwájú òun, ọmọ ń wò ó. Ìyá àgbà tó ń fi "ó ti ń rù, ẹ fún un ní oúnjẹ sí i" dá ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lóró wà nínú ilé náà. Olùkọ́ tó fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò san ẹ̀san fún ọmọ tó mọ̀wé wà níbẹ̀, aládùúgbò tó ń bu oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ náà kò sì jìnnà.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi tẹnu mọ́ ọn. Obìnrin tí wọ́n bá pè ní òròbó lójú gbogbo ènìyàn nígbà tó wá fún àyẹ̀wò aboyún lè má padà wá mọ́. Yóò lọ sí ilé àbíyè tí wọn kì í ti í wọn ẹnikẹ́ni, níbi tí wọn kò ní yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, tí wọn kò sì ní tètè mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru. Obìnrin náà àti ọmọ inú rẹ̀ ni wọn yóò san gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ni obìnrin tó sanra lè ṣe nípa oyún?

Àkókò tó dára jù ni kí oyún tó wọlé, tàbí láàárín oyún kan sí òmíràn. Nígbà tí àwọn olùwádìí kọ́ àwọn aboyún tó sanra jù nípa oúnjẹ àti eré ìdárayá lẹ́yìn tí oyún ti dé, ìwọ̀n tó kún ara wọn kò pọ̀ tó ti àwọn tí wọn kò kọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọmọ tí wọ́n bí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èyí kò sọ ìsapá náà di òfo, nítorí pé ìyá fúnra rẹ̀ ń jàǹfààní. Ó kàn ń sọ pé kí a má ṣe dúró títí di ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé kílò márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti inú oyún kan bọ́ sínú èkejì, láìsí àyè fún ara láti sinmi. Ìfètòsọ́mọbíbí wà lára ohun tó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bí oyún bá ti wọlé, kò yẹ kí aboyún gba oúnjẹ ẹni méjì. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2009, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, ni pé kí obìnrin tí ìwọ̀n rẹ̀ dára fi kílò 11.5 sí 16 kún ara rẹ̀ títí di ìgbà ìbí. Kí ẹni tó ti wúwo díẹ̀ fi 7 sí 11.5 kún un. Kí ẹni tó sanra jù fi 5 sí 9 kún un. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ní kí aboyún fọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, kí ó béèrè fún àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà: wọn á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó jẹun láàárọ̀, wọn á fún un ní omi ṣúgà mu, wọn á tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹni tó ti sanra jù, tàbí tó ti bí ọmọ tó ju kílò 4 lọ rí, tàbí tí òbí rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó sọ fún wọn ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ ṣáájú àkókò náà.

Ọmọ tó ti sanra ńkọ́?

Ọmọ tó ń dàgbà ní àǹfààní kan tí àgbàlagbà kò ní: ó ṣì ń ga. Fún ọ̀pọ̀ wọn, a kò nílò kí kílò wọn dín kù. Bí ìwọ̀n ọmọ bá dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí gíga rẹ̀ ń lọ sókè, ara rẹ̀ á bá gíga náà mu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ebi pa ọmọ, kí a má sì ṣe fún un ní àgbo tó ń mú ara fọn. Kí gbogbo ilé jọ yí padà ni, pẹ̀lú bàbá àti ẹ̀gbọ́n tó tín-ín-rín, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bá yọ oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ yóò máa jí jẹ. Omi ni kí ó rọ́pò ohun mímu dídùn. Ẹ̀wà, ẹja Ẹ̀bùté, ẹ̀fọ́ àti ewédú kò rọrùn láti rà bíi ti tẹ́lẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n owó ohun mímu, bisikíìtì àti ìpápánu ọ̀sẹ̀ kan, bí a bá kó o jọ, máa ń ra ẹja tó pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí òbí fi falẹ̀: bí ọmọ bá ń hanrun gidigidi tí èémí rẹ̀ sì ń dá dúró lójú oorun, bí ó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́ tí òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹ́, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tẹ̀ síta tàbí tó ń dùn ún bó ṣe ń rìn, bí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bá dúdú tó sì nípọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fi kàn-ìn-kàn-ìn bó títí ara ọmọ fi máa ń bẹ́, nítorí wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó lè jẹ́ àmì pé ínsúlíìnì ti pọ̀ jù nínú ara ọmọ náà. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní àdúgbò lè wọn ọmọ kí wọ́n sì kọ ìwé sí Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò ní Ìkòròdú bó bá yẹ. Kí òbí mú káàdì àjẹsára àtijọ́ dání lọ, àní bí ọmọ bá ti pé ọdún mẹ́jọ, nítorí pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ ìbí ni yóò jẹ́ kí dókítà mọ ìgbà tí ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára wúwo.